Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ta Ilẹ̀ Odò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ tèmi gbéra sọ, ó já lulẹ̀, ó dì mọ́ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nírù, kò jẹ́ kó lọ. Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ Akínkúnmi, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lórí àga, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, torí àwọn tó ti ra irú ọjà tí mo fẹ́ sọ yìí wà láàárín yín. Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n, ẹ má wojú mi. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ìgbà kan rí, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan wà. Kò lóko, kò níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fi ebi sùn rí. Ẹnu ló fi ń jẹun. Ẹ ní gbogbo wa la ń fi ẹnu jẹun? Tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni oko rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà ni ọkọ́ tó fi ń ro ó. Ó mọ́ tónítóní. Ìrù rẹ̀ ń dán. Fìlà abetí-ajá ló máa ń dé, bó bá sì kí ọ, inú rẹ á dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wàá gbàgbé ibi tí ò ń lọ.

Láti kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ bá Àkùkọ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àkùkọ, ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo máa ń lọ jí oòrùn kí o tó kọ? Oòrùn ò gbọ́ràn dáadáa. Bí mi ò bá lọ, wàá kọ títí ni, ilẹ̀ ò ní mọ́."

Ẹ̀rù ba Àkùkọ. Láràárọ̀ ló ń bu àgbàdo fún Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, odidi ọdún kan gbáko. Ọjọ́ tí ara Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò yá, tí kò lè dìde nílẹ̀, ilẹ̀ mọ́ bó ṣe máa ń mọ́. Ìgbà yẹn ni Àkùkọ tó mọ̀ pé olè lòun ń bọ́.

Ó tún rí àwọ ẹkùn kan he. Ó dà á bora, ó jókòó sétí odò, ó ní àbúrò Ẹkùn lòun, ẹni tó bá fẹ́ pọnmi, kó fi ẹja kan lélẹ̀. Wọ́n ń kó ẹja wá, ó ń sá a sí oòrùn, títí Ẹkùn fúnra rẹ̀ fi wá mumi. Kí lẹ rò pé ó sọ? Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ wà látọjọ́ yìí? Mo ti ń bá yín kó ẹja jọ!" Ẹkùn rẹ́rìn-ín, ó kó ìlàjì ẹja, ó lọ. Kò tilẹ̀ fi èékánná kàn án. Ẹ ò rí i pé irọ́ yẹn dùn?

Àwọn wọ̀nyẹn, eré ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni bàbá gbogbo wọn.

Ní ọdún kan, iná jó igbó kan lọ́nà jíjìn. Ó jó o kanlẹ̀. Àwọn ẹranko ibẹ̀ sá kúrò, wọ́n ń wá ilẹ̀ tí wọn ó fi dáko. Ọ̀yà wà lára wọn. Iná ti mú ọkọ rẹ̀ lọ. Ọmọ márùn-ún ló ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ohun tó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju apẹ̀rẹ̀ èbù méjì lọ. Ẹ mọ èbù, iṣu tí à ń gé gbìn. Ebi pa àwọn ọmọ lójú ọ̀nà, wọ́n sunkún, wọ́n ní kí ìyá àwọn sè é. Ọ̀yà ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

"Bí a bá jẹ ẹ́ lónìí," ó ní, "kí la ó gbìn? Bí a ò bá sì gbìn, kí ni ẹ ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ̀mí ọmọ márùn-ún ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ méjì yẹn.

Ìmàdò wà pẹ̀lú wọn, òun ru àgbàdo. Ehoro náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò ẹ̀pà. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé igbó tiwa yìí, wọ́n sì ń béèrè ilé onílẹ̀, bí àlejò tó mọ ẹ̀tọ́ ti í ṣe. Ẹfọ̀n ni onílẹ̀. Orí òkè ló ń gbé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé orí òkè, ta ni wọ́n bá lábẹ́ igi àràbà lójú ọ̀nà?

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀!

"Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú ewu iná! Háà, mo rí èéfín yẹn, mi ò lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ó mọ omijé í pè.

Ọ̀yà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, bàbá. Ilé onílẹ̀ la ń béèrè."

"Onílẹ̀ kẹ̀? Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Èmi lọmọ onílẹ̀."

"Wọ́n ní Ẹfọ̀n ni, bàbá. Wọ́n ní orí òkè."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Ẹfọ̀n? Bàbá mi ló gba Ẹfọ̀n lálejò. Ẹ ò rí i pé orí àpáta ni wọ́n fi í sí? Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, inú ń bí i. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wo ilẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbo. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa tẹ̀ lé mi. Ìyá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kàn."

Ó mú Ọ̀yà lọ sétí odò. Ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀ lọ salalu. Ó dú, ó tutù, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pèrègún dúró gbọn-in.

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ pèrègún? Òun là ń gbìn sójú ààlà. Ẹni tó bá rí pèrègún nínú oko, á mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ní bàbá, ó sì ní bàbá ńlá. Ẹnikẹ́ni kì í fà á tu, èèwọ̀ ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ èyí dáadáa. Ọjọ́ kejì tó rí èéfín ló ti lọ gé ọ̀pá pèrègún mẹ́rin, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ àti eérú pa wọ́n lára kí wọ́n lè dà bí ohun tó ti pẹ́.

"Bàbá bàbá mi ló gbìn wọ́n," ó wí.

Ọ̀yà wo ilẹ̀, ó wo odò. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé omi kì í dé ibí nígbà òjò?"

"Omi!" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi ọwọ́ lu àyà. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí bàbá mi, omi ò fọwọ́ kan ilẹ̀ yìí rí. Apẹ̀rẹ̀ èbù méjì yẹn ni ẹ ó fún mi."

"Méjèèjì, bàbá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀kan. Kí ni n ó gbìn?"

"Èmi fúnra mi ni n ó yá yín ní èbù lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ilẹ̀. Àánú yín ló ṣe mí tí mo fi gba méjì, mẹ́rin ni mò ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má sọ fún àwọn yòókù o, wọn á jowú. Nǹkan kan ló kù: èèwọ̀ ìdílé wa ni kí ọkọ́ kan ilẹ̀ yìí kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Ẹ dúró de òjò."

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọ̀yà wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wo pèrègún, ó sọ apẹ̀rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ta ilẹ̀ kan náà fún Ìmàdò, ó gba gbogbo àgbàdo rẹ̀. Ó tún tà á fún Ehoro, ó gba àpò ẹ̀pà. Ilẹ̀ kan náà o! Pèrègún mẹ́rin kan náà! Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ tọ́jú síbi tí ẹnì kan ò mọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó mọ̀ pé bí òjò bá ti dé, odò á bo ilẹ̀ yẹn bó ṣe ń bò ó lọ́dọọdún, òun á sì ti wà ní igbó mìíràn.

Ọjọ́ kẹta, ní àárọ̀, Ọ̀yà lọ wo ilẹ̀ rẹ̀. Kò fọkọ́ kàn án o, ó kàn fẹ́ wò ó ni. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti hú lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, tí Òkété yọrí síta. Òkété, ẹ mọ̀ ọ́n, inú ilẹ̀ nilé rẹ̀. Ọmọ igbó yẹn gan-an ni.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ni Òkété wí. "Ta ló ń gbin pèrègún sínú odò?"

"Inú odò kẹ̀, ìyá? Ilẹ̀ mi rèé. Ọmọ onílẹ̀ ló tà á fún mi."

"Ọmọ onílẹ̀ wo? Ẹfọ̀n ò lọ́mọ tó ń ta ilẹ̀." Òkété gbọn iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ dànù. "Ìyá àwọn ọmọ, mo ti gba abẹ́ pèrègún yẹn kọjá. Kò ní gbòǹgbò. Ọ̀pá lásán ni, ojú tí wọ́n fi àdá gé ṣì funfun. Ìkarahun ìṣáwùrú ló kún ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yìí. Ibùsùn odò lẹ dúró lé."

Ọ̀yà ò sunkún. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó lọ bá Ìmàdò àti Ehoro, ó sì sọ fún wọn.

"Ilẹ̀ ta ni wọ́n tà fún yín?" ni Ìmàdò ké. "Ilẹ̀ mi?"

"Ilẹ̀ yín kọ́," ni Ehoro wí. "Tèmi ni!"

Ìgbà tí wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìmàdò ń pọ́n eyín, ó ní òun á fà á ya.

"Bí ẹ bá pa á," ni Ọ̀yà wí, "ta ni yóò fi ibi tó kó èbù mi sí hàn mí? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o jáde. Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ ká fi í jẹ Baálẹ̀."

Ọ̀yà gbọ́n jù mí lọ o. Èmi ì bá ti pariwo.

Wọ́n lọ bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Ọ̀yà ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, a ti gbọ́ pé ilẹ̀ kan náà lẹ fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú wa dùn. A rí i pé ẹ fẹ́ kí á di ìlú kan ṣoṣo. Ìlú kì í wà láìní Baálẹ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́ bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti fẹ́ sá lọ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe gbọ́ "Baálẹ̀", ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ṣùgbọ́n níbi tí a ti wá," ni Ọ̀yà ń bá a lọ, "ẹni tí yóò jẹ oyè gbọ́dọ̀ wọ ìpèbí fún ọjọ́ méje lórí ilẹ̀ tí yóò jẹ lé lórí. Kì í rí òde, òde kì í rí i. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ jọ sẹ́yìn ilé ìpèbí, kí ayé mọ̀ pé kì í ṣe òtòṣì ni wọ́n fi jẹ. Bó bá jáde kí ọjọ́ méje tó pé, oyè ti bọ́ nìyẹn. Bó bá pé, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ohun tí a bá gbìn, tirẹ̀ ni, títí ayé."

Títí ayé! Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbójú sókè, ó rí i pé àwọn lékeléke ò tíì fò lọ. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé nígbà tí lékeléke bá ṣì wà, òjò ṣì jìnnà. Ọjọ́ méje péré. Òun á gba oyè, òun á tún gba ẹ̀bùn oyè, òun á lọ. Ọ̀kánjúà, baba olè! Kò dáko rí, kò mọ̀ pé òjò orí òkè lọ́hùn-ún ló ń kún odò ìsàlẹ̀, odò kì í dúró de òjò ẹ̀yìnkùlé ẹni. Òkété mọ̀. Ó ti rí ìjàlọ tí wọ́n ń kó ẹyin wọn gun òkè láti àná, ó sì ti sọ fún Ọ̀yà.

Ìmàdò kọ́ ilé kékeré kan sáàárín ilẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn igi líle sí i. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ó fi orí ara rẹ̀ ru ẹrù wá. Ó kó èbù Ọ̀yà, ó kó àgbàdo Ìmàdò, ó kó ẹ̀pà Ehoro. Ó tilẹ̀ kó ẹja gbígbẹ ìgbà tó jẹ́ àbúrò Ẹkùn mọ́ ọn, torí ó fẹ́ kí òkìtì rẹ̀ ga. Ó wọlé. Wọ́n sé ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọ̀pá dábùú rẹ̀ níta.

Ọjọ́ kejì, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé: gìrì, gìrì, gìrì. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lábẹ́ ẹrù.

"Ta nìyẹn?"

"Àwa ni, Baálẹ̀," ni Ehoro dáhùn. "À ń gbé ẹrù."

Ó rò pé wọ́n ń gbé ẹ̀bùn wọlé ni. Wọ́n ń gbé èbù jáde! Ó ń kígbe láti inú ilé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ rọra gbé e, kó má baà fọ́! Ọlọ́run á san án fún yín!" Àwọn ọmọ Ọ̀yà fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Títí di ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ń gbé e gun òkè, òun náà ò dẹ́kun àdúrà.

Ọjọ́ karùn-ún, ní ọ̀sán, oòrùn ń ràn, odò dé. Kò sáré. Ó kàn ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń tòògbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù. Ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó wá fi orin sí i. Ẹ̀yin ọmọ, tiyín ni "Baálẹ̀ kì í jáde".

Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o,
*Baálẹ̀ kì í jáde.*
Omi ti dé kókósẹ̀,
*Baálẹ̀ kì í jáde.*
Omi ti dé orúnkún,
*Baálẹ̀ kì í jáde.*
Omi ti mu mí dé ọrùn,
*Baálẹ̀ kì í jáde.*
Mi ò joyè mọ́, mi ò joyè!
*Baálẹ̀ kì í jáde.*

Ó pọ́n ògiri, ó fi orí lu koríko òrùlé, orí rẹ̀ yọ síta. Gbogbo igbó ti pé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ gbà mí! Omi!"

"Omi wo, Baálẹ̀?" ni Ọ̀yà ké sí i. "Omi kì í dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí bàbá yín."

"Ilẹ̀ odò ni! Mi ò nílẹ̀! Bàbá mi ò nílẹ̀! Èmi ni mo ri pèrègún mọ́lẹ̀!"

Gbogbo igbó hó yèè. Ọ̀yà ò rẹ́rìn-ín. Ó to àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún síwájú, ẹ lè ka egungun ìhà wọn.

"Èmi kọ́ ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn wọ̀nyí."

Ilé ti ń yẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo àwọn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ dídùn tó ń wá láìpè, kò wá lọ́jọ́ yẹn.

"Mo purọ́ fún ìyá yín," ó wí. "Mo mọ̀ pé ebi lè pa yín kú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gba èbù náà."

Ọ̀yà wọ inú omi. Ọ̀yà mọ odò í wẹ̀, ẹ̀yin ọdẹ, ẹ jẹ́rìí mi. Ó ti ìtì igi kan lọ bá a, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dì mọ́ ọn, ó gúnlẹ̀. Fìlà ti bá omi lọ. Ó gba àárín wọn kọjá, ìrù rẹ̀ ń kán tótó. Kò sẹ́ni tó nà án, kò sì sẹ́ni tó kí i. Láti ọjọ́ náà ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá, kì í jẹ́ kí ojú òun àti ti ẹnikẹ́ni ṣe mẹ́rin.

Ọ̀yà àti àwọn èèyàn rẹ̀ gun òkè lọ bá Ẹfọ̀n. Wọ́n ní kí ó má bínú, kí ó sọ ohun tí òun máa ń gbà.

"Obì mẹ́ta," ni Ẹfọ̀n wí. "Bí kò bá sí obì, ẹ mú un wá bí ẹ bá kórè. Láti ọjọ́ tí mo ti rí èéfín ni mo ti ní kí wọ́n ṣán ilẹ̀ sílẹ̀ fún yín lẹ́yìn òkè. Mo ń retí yín, ẹ ò dé. Mo rò pé iná ti pa yín tán ni."

Ibẹ̀ ni Ọ̀yà ti bú sẹ́kún. Ó sun ún dáadáa. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó gbé èbù rẹ̀ dé orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣán kalẹ̀, òun àti ọmọ márùn-ún sì kọ ebè títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi ẹnu jẹun, ẹ rántí pé irọ́ tí ẹ bá tà fún ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n lè ní kí ẹ wá sùn nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá sì dé ibi tí ẹ ò dé rí, ẹ má sọ ẹrù yín kalẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ kí yín lójú ọ̀nà. Ẹ béèrè, ẹ tún béèrè, ẹ rìn dé ilé onílẹ̀. Ẹni tó ní nǹkan máa ń dúró sílé rẹ̀ de àlejò ni.